Gbogbo Òkú Àrámọ̀kọ Ló Níwà Tútù

Láti bí ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, bí ènìyàn bá kú ní Àrámọ̀kọ-Èkìtì, tí ẹbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ, kò sí bó ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ báírò Tíṣà Samson Ajíbádé. Tíṣà ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, èyí tí wọ́n ń kà sí etí gbogbo ìjọ kí wọ́n tó gbé pósí jáde. Olóògbé lè ti ya aṣọ mọ́ ará ilé rẹ̀ lọ́rùn nígbà ayé rẹ̀, ó lè ti fi àdá lé àna rẹ̀ kúrò lóko, bó bá ti dé ọwọ́ Tíṣà, ó parí. Oníwà tútù ni. Onísùúrù ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa á jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún ṣí iwájú ìwé wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá wọn lójú pé ìsìnkú tí wọ́n wá gan-an ni wọ́n wà.

Ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ni Tíṣà o. Ọmọ Àrámọ̀kọ ni, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ó ṣe tíṣà ní Ìjerò, ó ṣe é ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ó sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé. Moyin àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti fọ́n ká, òun àti ìyàwó rẹ̀, Lydia, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jọ kù nílé. Tíṣà kì í mutí, kì í ta ayò, kò sì ní oko kòkó bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ní. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń kọ eré tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe lópin ọdún, àwọn òbí á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dùn nígbà náà. A kì í fi ẹ̀tọ́ ẹni du ẹni.

Ikú ìyá fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, ló sọ ọ́ di akọ̀wé òkú. Wọ́n ní kó bá wọn kọ nǹkan, ó jókòó tì í fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ ọ́, ó tún un kọ. Ọjọ́ tí wọ́n kà á, ṣọ́ọ̀ṣì dà bí ibi tí òjò wọ̀, kò sí ojú tó gbẹ. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó yá ìpínrọ̀ méjì lára ti ìyá fíkà. Ẹ̀kẹta yá mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi dé orí ẹ̀kẹwàá, orúkọ nìkan ló kù tó ń pààrọ̀. Àwọn ẹbí á mú fúlúsíkáàpù kan wá tí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, iye ọmọ àti oyè ìjọ sí, Tíṣà á gbà á, kò ní bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Bí Lydia bá sọ pé, "Bàbá Moyin, ẹ ò ní bá àwọn ọmọ olóògbé sọ̀rọ̀ ni?" á ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ohun tó ti dùn tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ yí i sí?" Lydia á pòṣé, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ìjọ wá mọ̀ ọ́n sórí. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Bí ẹni tó ń kà á bá sọ pé, "A bí olóògbé sínú ẹbí Kristẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run," ẹ ó rí i tí ètè àwọn ìyá tó wà níwájú ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá dé ìparí, níbi tí Olúwa ti sọ pé, "Ó tó, ọmọ mi," àwọn akọrin á bá a dá a pé, "Máa bọ̀ wá sinmi." Tíṣà á máa mi orí níbi tó jókòó sí. Ó rò pé ìyìn ni.

Ọjọ́ ìsìnkú Bàbá Sunday Ògoolúwa ni omi tán lẹ́yìn ẹja. Bàbá Ògoolúwa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ìjà ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Ó dá ìsìn ìkórè dúró lọ́jọ́ kan nítorí ibi tí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi bá Bàbá Joshua, alámùúlégbè rẹ̀ lóko, ṣe ẹjọ́ ààlà ní kóòtù, Bàbá Joshua sì ti mú ìjókòó kẹta láti iwájú, ó wọ agbádá, ó wá dágbére fún ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀gá akọrin dìde, ó ń kà á. Ó ka "oníwà tútù," Bàbá Joshua húkọ́. Ó ka "kò bá ẹnikẹ́ni jà rí," Bàbá Joshua tún húkọ́, èyí gùn díẹ̀. Ọ̀gá akọrin ṣí ojú ìwé kejì, ó ní, "Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ sílẹ̀, ó sì jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ wọn fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Tíṣà ti da ti obìnrin tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ láìgbójú sókè. Bàbá Joshua bá dìde.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá ọkùnrin yìí ṣẹjọ́. Ṣé Ìyá Ẹgbẹ́ ni mo ń bá fà á láti ọjọ́ yìí?"

Áà! Ẹ̀rín tó bú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé gáréèjì. Fíkà fi áńkáṣífù bo ẹnu. Opó gan-an ń gbọ̀n léjìká, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó, kò sì gbérí mọ́ títí wọ́n fi gbé pósí jáde.

Nílé, Lydia jẹ́ kó jẹun tán ná kó tó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́.

"Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe," Tíṣà tètè sọ.

"Àṣìṣe kọ́ nìyẹn, Bàbá Moyin. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ ti ń sin láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ kàn ń pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ ni."

Inú bí Tíṣà, ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó mú fúlúsíkáàpù wá. Ènìyàn mẹ́rin sì ti kú láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ti sin wọ́n, wọ́n ti jẹ iyán wọn. Tíṣà bá wọ bàtà, ó gba ọ̀dọ̀ Kọ́lápọ̀ lọ, ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáréèjì. Kọ́lápọ̀ ti lé lógójì ọdún, àmọ́ Tíṣà ló kọ́ ọ ní a-b-d, ìdí nìyẹn tó fi sáré dìde tó sì dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn ìwé tó kó sílẹ̀.

"Ta ló ń kọ ọ́ fún wọn báyìí?" ni Tíṣà bi í.

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ yín kankan kúrò." Kọ́lápọ̀ yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Iṣẹ́ Tíṣà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti "A bí olóògbé" dé "Máa bọ̀ wá sinmi," àfi pé wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí orúkọ yẹ kó wà. "A kàn ń tẹ orúkọ sí i ni, sà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mẹ́ta, bí iná bá wà. Mo sì ti ṣe ibi tí wọ́n á ti yan ọkùnrin tàbí obìnrin sí i, nítorí... nítorí ọ̀rọ̀ Bàbá Ògoolúwa, sà."

Tíṣà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé kó sọ pé wọ́n jí òun lọ́rọ̀ kó ni? Òun fúnra rẹ̀ ti ń jí i kó lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ni òun náà ń ṣe, ọjọ́ mẹ́ta ni tòun ń gbà, òun sì tún ń pe ọkùnrin ní Ìyá Ẹgbẹ́. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ẹ̀rù bà á gidi. Bí wọ́n bá gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Bàbá arúgbó kan tó ń jókòó níwájú ilé, tó ń ka iye ọ̀kadà tó ń kọjá.

Ọjọ́ kejì ló gbọ́ obìnrin kan lórí rédíò tó ń gba àwọn òǹkọ̀wé nímọ̀ràn. Obìnrin náà ní bí ọ̀rọ̀ bá ti sú akọ̀wé, ayípadà ni oògùn rẹ̀: kó yí ibi tó ń jókòó sí padà, kó yí ohun tó fi ń kọ̀wé padà, kó lọ síbi gíga kó lọ gba atẹ́gùn. Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i. Ọjọ́ Ajé, ó gbé tábìlì lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ Lydia sì yàgbẹ́ sórí "onísùúrù." Ọjọ́rú, ó ra báírò aláwọ̀ ewé. Ọjọ́bọ̀, ó dé fìlà kan tó rò pé àwọn òǹkọ̀wé ló ń dé irú rẹ̀.

Lydia wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Gbogbo nǹkan inú ilé yìí lẹ ti yí padà tán, Bàbá Moyin," ó ní. "Ó ku èmi."

Ọjọ́ Ẹtì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ṣé ẹ mọ òkè Ẹ̀fọ̀n: ọ̀kadà ń gbin, Tíṣà ń pe Jésù ní gbogbo kọ́nà. Ó rí àpáta kan, ó jókòó sí i, ó ṣí ìwé lé orúnkún. Ìkùukùu bo ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ibẹ̀ dára lójú. Ọlọ́kadà tó dúró dè é bi í pé, "Bàbá, ṣé àdúrà lẹ wá gbà ni?"

"Ìwé ni mo wá kọ."

Ọlọ́kadà wo àpáta, ó wo Tíṣà. "Ṣé kò sí tábìlì nílé yín ni?"

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó fi báírò aláwọ̀ ewé lé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé: "A bí olóògbé sínú ẹbí Kristẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run." Ẹni kankan ò sì tíì kú o. Olóògbé wo? Tíṣà tẹjú mọ́ gbólóhùn náà títí, lẹ́yìn náà ló ní kí ọlọ́kadà gbé òun sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà tó dé ilé, ó bá obìnrin kan tó jókòó ti Lydia. Adéfúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni l'Ádó, ọmọ Ara-Èkìtì. Màmá rẹ̀, Màmá Jemimah, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Kò mú fúlúsíkáàpù kankan lọ́wọ́.

"Tíṣà, mi ò ní parọ́ fún yín," ó ní. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé e fún kọ̀ǹpútà Kọ́lápọ̀. Èmi ni mo yarí. Ẹ kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin n'Íjerò. Nínú eré tí ẹ kọ lọ́dún yẹn, èmi ni mo ṣe ewúrẹ́ tó ń bá ọba jiyàn. Títí dòní mo mọ gbogbo ohun tí ewúrẹ́ yẹn sọ. Ẹni tó kọ ewúrẹ́ yẹn ni mo wá bá."

Ojú ti Tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé ewúrẹ́.

"Ṣùgbọ́n màmá mi kì í ṣe oníwà tútù o," Adéfúnkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí wọ́n bá ka oníwà tútù l'Ára, àwọn èèyàn á ní òkú ẹlòmíì la gbé wá. Ẹ lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí mi ò rí i, màá gbé e fún Kọ́lápọ̀. Ẹ má bínú, sà."

"Kí n lọ bi wọ́n kẹ̀? Ṣé ọlọ́pàá ni mí?" Èyí ni Tíṣà sọ nígbà tí obìnrin náà lọ tán. Lydia bá a nu bàtà rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbọ̀nà Ara. Wọ́n gbé àga fún un nínú àgbàlá Màmá Jemimah, àwọn ará àdúgbò sì pé lé e lórí. Ó ṣí ìwé, ó bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni olóògbé. Ẹni àkọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Oníwà tútù ni." Èkejì ní, "Onísùúrù ni." Ẹ̀kẹta, bàbá kan tí kò ní eyín, ní, "Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Tíṣà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà fún un! Wọ́n ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú tó pọ̀ débi pé wọ́n rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ òkú. Láti Àrámọ̀kọ títí dé ibí, òun ló ti kọ́ odidi àwọn èèyàn yìí láti máa gbàgbé àwọn tiwọn. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó fẹ́ pa ìwé dé kó máa lọ, kó jẹ́ kí Kọ́lápọ̀ gbà á. Inú ìbínú yẹn ló ti la ẹnu, tó ní:

"Ó dáa. Kí ló ń ṣe tó ń bí yín nínú?"

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tinúkẹ́, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tibẹ̀, ló kọ́kọ́ tú u.

"Odó rẹ̀!" ó ní. "Màmá yìí kì í yá ẹnikẹ́ni lódó, ẹ gbọ́ mi? Ẹ lè kú síbẹ̀. Ó ní àwọn tó bá yá odó kì í fọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún la fi jọ ń kọjú síra wa, mi ò fọwọ́ kan odó yẹn rí. Ìgbà tí mo wá bímọ, tí ọkọ mi ò sí nílé, mo gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé. Òun ni, ó fúnra rẹ̀ ru odó wá. Ó gúnyán fún mi, ó tún odó rù lọ sílé. Ogójì ọjọ́ ló fi ṣe é. Lójoojúmọ́ ló ń rù ú wá, lójoojúmọ́ ló ń rù ú lọ. Mo ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ kó sùn síbí.' Ó ní, 'Láéláé.'"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ẹnu sì tú. Òmíràn ní ọjọ́ tí ọkọ Màmá Jemimah fẹ́ ìyàwó kejì láìsọ fún un, ńṣe ló tú bẹ́ẹ̀dì, ó rù ú jáde ní ọ̀sán gangan, ó gba àárín ọjà kọjá lọ sílé bàbá rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ ru tìmùtìmù tẹ̀ lé e, ó ní òun ò rí oorun sùn. Bàbá tí kò léyín ní òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ìwàásù gùn, tí Màmá Jemimah dìde lọ fa okùn agogo. Tíṣà ń kọ, ọwọ́ ń ro ó. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kan tán, òun náà á ní, "Ó tún wá ṣe kí ni?" bí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí tábìlì rẹ̀ àtijọ́, ní àyè rẹ̀ àtijọ́ nínú pálọ̀, ló jókòó sí, báírò búlúù ló mú. Ó kọ, ó fa igi sí i, ó tún kọ. Ìgbà tó parí, ó gbé e fún Lydia, ó sì dúró tì í bí ọmọ ilé-ìwé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni: "Màmá Jemimah kì í yá ẹnikẹ́ni lódó." Lydia rẹ́rìn-ín, ó ń kà á lọ, nígbà tó yá ó fi etí ìró nu ojú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Moyin," Tíṣà sọ. "Wọ́n á ní mo bú òkú."

"Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀," Lydia dá a lóhùn, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì Ara kún fọ́fọ́. Àwọn ará Àrámọ̀kọ náà wá, Kọ́lápọ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, àwọn ìyá tó wà níwájú ti ṣí ètè sílẹ̀ fún "A bí olóògbé." Ẹni tó fẹ́ kà á tẹjú mọ́ ìwé, ó wo fíkà. Fíkà ní kó kà á.

"Màmá Jemimah kì í yá ẹnikẹ́ni lódó."

Ètè wọn dúró bẹ́ẹ̀, kò padé, kò sì lọ. Tíṣà di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú rẹ̀ mú gírígírí. Ó ń rò lọ́kàn rẹ̀ pé ó ti parí, òun ti ba tara òun jẹ́, títí Tinúkẹ́ fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Òótọ́ ni!" Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ka ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín tún sọ. Wọ́n wá ka ti ogójì ọjọ́, wọ́n ka bí ó ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà lódìkejì ọ̀nà tó sì ń sáré ru odó lọ kó má bàa pẹ́, ariwo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ohun tí à ń gbọ́ mọ́ àfi ohùn ẹni tó ń kàwé àti àwọn tó ń fa imú. Kò sẹ́ni tó mọ gbólóhùn tó kàn. Wọ́n na ọrùn dè é.

Lẹ́yìn ìsìn, Adéfúnkẹ́ wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Tíṣà," ó ní, "láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí lórí fóònù, mi ò tíì sunkún. Mò ń wá àga, mò ń wá ìlù, mò ń wá oúnjẹ àlejò. Òní ni màmá mi kú."

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a mọ ohun tó dùn. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí Kọ́lápọ̀ pè é lórí fóònù pé, "Sà, mo ti tẹ ti olódó yẹn sórí kọ̀ǹpútà, mo ti fi àlàfo sílẹ̀ níbi orúkọ. Ènìyàn méjì ti bèèrè ẹ̀." Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan dúró níwájú ilé Tíṣà. Gbọ́láhàn ló sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba tó sì ti kọ́lé sí ọ̀nà Ìjerò.

"Tíṣà, ti màmá mi ni mo bá wá," ó ní. "Èyí tó ní odó nínú yẹn ni a fẹ́."

"Ṣé màmá yín kì í yáni lódó ni?"

"Rárá o, ẹ̀rọ ìgúnyán ló ń lò. Àmọ́ ẹ ṣáà fi odó sí i, ó máa ń pa èèyàn lẹ́kún. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì náà sí i."

Mi ò ní tàn yín, ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà létí díẹ̀. Ó ti ní i nílẹ̀, ìwé rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, ọ̀sán kan péré ló máa gbà. Ó wo dúrọ́ọ̀ yẹn dáadáa kó tó dìde lọ wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín," ó ní, "kí n bi àwọn tó mọ̀ wọ́n."

Gbọ́láhàn yí orí. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Wọn ò tíì kú o. Wọ́n ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún ni, mo ní ká kúkú ti múra sílẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Tíṣà sọ. "Á jẹ́ pé àwọn gan-an ni màá bi."

Ìyá Yétúndé, màmá Gbọ́láhàn, jókòó sórí ẹní nínú ìyẹ̀wù, ó wẹ́ gèlè, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó wo Tíṣà láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ni tíṣà tí ń kọ̀wé òkú? Wọ inú ulé, jókòó. Kí lo wá bi mí?"

"Màmá, mo wá bèèrè irú ẹni tí ẹ jẹ́ ni."

Gbọ́láhàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kọ ọ́," Màmá ní, "pé mo bí Yétúndé, mo bí Gbọ́láhàn. Kọ ọ́ pé Yétúndé ni mo fẹ́ràn jù láti kékeré wọn, mo sì jẹ́ kí Gbọ́láhàn mọ̀ ọ́n, mi ò ṣe dáadáa. Kọ ọ́ pé Gbọ́láhàn ló kọ́lé yìí fún mi. Òun ló ń wá jí mi láràárọ̀. Kọ ọ́ pé mi ò tíì sọ fún un pé ó ṣeun."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Gbọ́láhàn. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn."

Tíṣà ò gbójú sókè. Ó ti kọ ọ́ tán.

"Màmá," ó ní, "kí ló tún kù?"